Òpó Mọ́kànlá, Àlàfo Mẹ́wàá

"Ẹ má bínú, mà. Ilẹ̀kùn yẹn, mo máa wá wò ó lọ́jọ́ mìíràn."

Ọ̀rọ̀ tí Mojíre gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ilẹ̀kùn kankan. Kò sí ẹni tó pè é wá wo ilẹ̀kùn. Oyèlárán, ọmọ ìyá rẹ̀, tó fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ, tó pọ̀n ọ́n lọ sódò nígbà tí kò tíì lè rìn, òun ló ń pè é ní "mà" lórí fóònù, tó ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń dá oníbàárà lóhùn. Ó sì mọ ohun tó ń ṣe. Ó ń bo àbúrò rẹ̀ láṣìírí ni. Lẹ́yìn náà ni fóònù dákẹ́.

Káfíńtà ni Oyèlárán, ní Ìlódè. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé bàbá wọn, òrùlé ló sì mọ̀ ọ́n ṣe jù kí orúnkún tó dá a dúró. Ìwé mẹ́fà ló kà, kò kọjá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìṣirò ṣe dùn mọ́ ọkùnrin náà, ẹ ò ní gbà gbọ́. Bí ẹlòmíràn bá jí, á béèrè pé ṣé àlàáfíà la jí. Oyèlárán á ní, "Ìṣirò dé o!" Bí ẹran mẹ́ta bá wà nínú àwo, á kọ́kọ́ bi yín bí ẹ ṣe máa gé e fún ọmọ mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ò fi ní sunkún.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹran o jàre," ni Ìyá Ìmísí, ìyàwó rẹ̀, máa ń sọ. "Ọbẹ̀ ń tutù."

"Ọbẹ̀ ló ń tutù, orí wọn ń gbóná. Èwo ló dáa jù?"

Nígbà tí kò lè gun òrùlé mọ́, ó kun pátákó kan ní dúdú, ó gbé e kọ́ ògiri iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń pe àwọn ọmọ àdúgbò jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní gbogbo Sátidé. Kì í ṣe lẹ́sìnnì bí àwọn ti ilé ìwé. Iyàn ni wọ́n ń jà. Ẹni tó bá kọjá lójú títì á rò pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wò. Bí ọmọ kan bá ṣì í, Oyèlárán kì í sọ pé o kùnà. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Wá fi ọ̀nà tó o gbà dé ibẹ̀ hàn mí." Ìgbà mìíràn wà tí ọ̀nà yẹn máa ń dùn mọ́ ọn nínú ju ìdáhùn gan-an lọ.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ayé, ẹni tó wù ú láti bá jiyàn jù ni Mojíre, Mojíre kan náà sì ni kì í fẹ́ jiyàn. Oníṣòwò obì ni. Ó ń lọ ra gbànja ní ọjà Abà Fàòsíyà, á bó o, á ṣà á, á fi ewé tẹ́ agbọ̀n, á gbé e lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Sábó. Orí rẹ̀ ló fi ń ṣe gbogbo ìṣirò rẹ̀, kì í sì í ṣì í. Síbẹ̀, bí ẹ bá ní kó wá ṣe ìṣirò, á ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ìwé mẹ́ta lòun kà.

Ìwé mẹ́ta náà ní ìtàn. Kì í ṣe àìsàn ló lé e kúrò nílé ìwé, kì í sì í ṣe pé bàbá wọn ní kí obìnrin má kàwé. Lọ́jọ́ kan ni tíṣà wọn béèrè pé láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ọjọ́ mélòó ni. Mojíre nawọ́ kíákíá, nítorí ọmọ ọlọ́jà ni. Ó mọ̀ pé bí ìyá òun bá ná ọjà ní Mọ́ńdè, Fúráìdè ló tún máa ná an, ọrún sì ni gbogbo èèyàn ń pe ìyẹn.

"Márùn-ún ni, sà."

"Mẹ́rin ni," ni tíṣà wí. "Mú ọ̀kan kúrò nínú márùn-ún. Mélòó ló kù?"

"Sà, ọrún ni. Ìyá mi máa ń kà á."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ní kó gun orí bẹ́ǹṣì, kó dúró síbẹ̀ kó máa ka ọjọ́ ìyá rẹ̀ títí aago á fi lù. Ẹ̀rù bà á, ojú tì í, ó sì tọ̀ sára lórí bẹ́ǹṣì náà níṣojú gbogbo wọn. Láti ọjọ́ yẹn, "Ọrún" ni àwọn ọmọ ń pè é ní gbogbo Ìlódè. Kò padà lọ mọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ béèrè, ó ní orí ń fọ́ òun. Oyèlárán nìkan ló mọ òótọ́ ọ̀rọ̀, nítorí òun ló fọ aṣọ náà, tó sá a gbẹ, kí ìyá wọn tó ti ọjà dé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó wá di ọdún tó kọjá, nígbà tí Iléyá ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Abdulwahab, tó ń ta àgbò ní Sábó, ní kí Oyèlárán bá òun fi igi ṣe ọgbà sí iwájú ibi tí òun ń so ẹran mọ́. Gígùn ibẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà ọgọ́ta, wọ́n sì fẹ́ kí òpó kan fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà jìnnà sí ìkejì. Oyèlárán pín in lórí: ọgọ́ta, mẹ́fà-mẹ́fà, mẹ́wàá. Ó gé òpó mẹ́wàá, ó kó o lọ.

Mojíre gbé obì dé Sábó lọ́jọ́ náà, ó sì bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dúró pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, tó ń wo ìparí ọgbà. Pákó tó kẹ́yìn nà sójú òfuurufú, kò rí òpó tí wọ́n máa kàn án mọ́. Àgbò funfun ńlá kan gba ibẹ̀ jáde, ó ń rìn gbẹ̀fẹ́ bí ẹni ń lọ kí àna.

"Káfíńtà," ni Abdulwahab wí, "ọgbà yìí dára o. Àwọn àgbò mi náà ti yìn ín. Wọ́n ní ẹnu ọ̀nà tẹ́ ẹ ṣí sílẹ̀ fún àwọn yìí, àwọn dúpẹ́."

Oyèlárán ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo òpó, ó ń wo tépù. "Ọgọ́ta, mẹ́fà-mẹ́fà. Mẹ́wàá ni. Àbí mẹ́wàá kọ́?"

Mojíre sọ agbọ̀n kalẹ̀. Kò rò ó tó fi sọ ọ́. "Bọ̀dá mi, àlàfo lẹ kà."

"Kí ni mo kà?"

"Àlàfo. Àlàfo ló jẹ́ mẹ́wàá. Òpó á jẹ́ mọ́kànlá." Ó na ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ya ìka sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. "Ìka mélòó nìyí?"

"Márùn-ún."

"Ẹ wá ka àárín wọn."

Oyèlárán fi ìka tirẹ̀ bọ àárín ìka àbúrò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta. Mẹ́rin." Ó tún un kà. Lójijì ló di ọwọ́ náà mú. "Mojíre! Mọ́ńdè, Túsìdè, Wẹsidé, Tọ́sìdè, Fúráìdè!" Orí ìka kọ̀ọ̀kan ló ń fọwọ́ kàn. "Òpó nìyí! Òpó ni ìyá wa ń kà! Tíṣà yẹn ń ka àlàfo! O ò kùnà, Mojíre. Ìwọ àti tíṣà, ohun kan náà kọ́ lẹ̀ ń kà. O ò kùnà rárá!"

Ó ju òòlù sílẹ̀, ó ń jó láàárín àwọn àgbò pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Mojíre rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, nígbà tó yá kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni mọ́.

"Ẹ̀yin méjèèjì," ni Abdulwahab ké, "àgbò mi ti dé títì o!"

Láti ọjọ́ náà ni Mojíre ti gbà láti máa bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, fóònù á dún, ohùn kan á ní, "Ìṣirò dé o, Ọrún!" Orúkọ tó ti ń gún un lọ́kàn látọjọ́ yìí wá di orúkọ àpọ́nlé lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n á jiyàn, wọ́n á bú ara wọn, wọ́n á já fóònù mọ́ ara wọn létí, wọ́n á tún pè. Ìbéèrè kan wà tí Oyèlárán fi sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ mẹ́ta: ọjà Abà Fàòsíyà, tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún, bí ó bá bọ́ sí Sátidé lónìí, ìgbà wo ló tún máa bọ́ sí Sátidé? Mojíre rò ó bó ṣe ń bó obì. Ó bó agbọ̀n kan tán láìmọ̀. Òun ló kọ́kọ́ pe fóònù lọ́jọ́ náà.

"Mo ti rí i."

"Irọ́ lo ń pa."

"Ẹ gbọ́ ná. Sátidé, Wẹsidé, Sọ́ńdè, Tọ́sìdè, Mọ́ńdè, Fúráìdè, Túsìdè, ó wá di Sátidé. Bọ̀dá mi, ṣé ẹ rí i? Ọjà yẹn ya ilé gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan-ẹ̀ẹ̀kan, kò fo ẹnì kankan kó tó padà sílé ẹni tó kọ́kọ́ kí!"

"Ó dùn," ni Oyèlárán wí. "Ó mà dùn o. Ọjọ́ mélòó wá ni?"

"Tiyín ni àbí tèmi?"

"Méjèèjì."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka àlàfo, méjìdínlọ́gbọ̀n. Àwa tá à ń ka òpó, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n."

"Ìwọ yìí, o ò ní gbà fún mi láyé!" Inú ẹ̀rín náà ló ti sọ ọ́ pé, "Wá sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, bó o ṣe sọ ọ́ fún mi yìí."

"Èmi? Kí n wá dúró níwájú pátákó? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìwé mẹ́ta ni mo kà."

"Ọmọ Abdulwahab wà láàárín wọn, Sùmáyà. Ó ti ń wá láti ìgbà ọgbà yẹn. Ọmọ ọdún méjìlá, kì í la ẹnu. Ẹnì kan ti fi ìṣirò dójú tì í níbì kan, mo mọ̀ ọ́n lójú rẹ̀, mo ti rí irú ojú yẹn rí. Kì í ṣe èmi ló yẹ kó rí, Mojíre. Ìwọ ni."

Mojíre gbà. Ó ṣèlérí. Sátidé tí ọjà bá bọ́ sí ni wọ́n mú, kó lè ba ìbéèrè náà mu. Oyèlárán fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìbéèrè náà sára pátákó, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ìyá Fọláyọ̀ ló máa ṣe é fún wa."

Fọláyọ̀ ni ọmọbìnrin Mojíre, ọmọ ìdílé Adébíyìí ní àdúgbò Mayfair ló sì fẹ́ ẹ. Nígbà tí Sátidé náà ku ọjọ́ méjì, ó pe ìyá rẹ̀ pé ìyá ọkọ òun ń pe àwọn ọ̀rẹ́ wá jẹun ọ̀sán, pé ó fẹ́ kí Mojíre náà wà níbẹ̀. Mojíre lè sọ pé òun ní ibi tí òun ń lọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní oúnjẹ á ti parí kí aago mẹ́ta tí àwọn ọmọ máa ń pé tó lù, òun á gun ọ̀kadà lọ sí Ìlódè. Ó wọ léèsì rẹ̀ tó dáa jù, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ àmì obì lọ́wọ́. Àmì náà kò lọ tán.

Nínú pálọ̀ Màmá Adébíyìí, àwọn obìnrin mẹ́rin tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló jókòó. Wọ́n ń sọ ti ọmọ tó gboyè ọ̀mọ̀wé, ti ọmọ tó ń kọ́ni nílùú òyìnbó. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n tiẹ̀ ṣàpọ́nlé rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn rọra bi í pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Ilé ìwé wo lẹ ti fẹ̀yìn tì?"

"Òwò ni mo ń ṣe," ni Mojíre wí. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ báàgì.

Aago mẹ́ta kọjá. Kò dìde. Fóònù dún nínú báàgì náà, ó fẹ́ pa á, ìkánjú mú kó tẹ ibi tí kò yẹ, ohùn sì gba gbogbo pálọ̀ kan.

"Mojíre! Ìṣirò dé o, Ọrún! Bẹ́ǹṣì ti kún, Sùmáyà ń retí ẹ. Níbo lo wà?" Lẹ́yìn rẹ̀, ohùn àwọn ọmọ dún pa pọ̀: "Ẹ káàsán, mà!"

Àwọn obìnrin náà yíjú sí i. Màmá Adébíyìí rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ta nìyẹn, Ìyá Fọláyọ̀?"

Bẹ́ǹṣì àtijọ́ yẹn ni Mojíre tún bá ara rẹ̀ lórí. Ó ní, "Káfíńtà kan ni. Ilẹ̀kùn ló ń bá mi ṣe. Àwọn èèyàn báyìí, wọn ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀."

Fóònù kò tíì pa. Ariwo àwọn ọmọ dá wáí. Mojíre gbọ́ èémí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì.

"Ẹ má bínú, mà," ni ohùn náà wí. "Ilẹ̀kùn yẹn, mo máa wá wò ó lọ́jọ́ mìíràn."

Wọ́n bu ìrẹsì sí i fún un. Ó jẹ ẹ́.

Kò pè é lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó mú fóònù, ó gbé e sílẹ̀. Sọ́ńdè, ó ní kí ilẹ̀ Mọ́ńdè mọ́ ná. Mọ́ńdè, kò mọ ọ̀rọ̀ tó máa fi bẹ̀rẹ̀. Ó wá pinnu pé Wẹsidé, tí wọ́n bá tún ná ọjà, òun á ṣa gbànja tó yọ̀nú jù, òun á gbé e lọ sí Ìlódè, òun á kúnlẹ̀. Ó ka ọjọ́ náà bí ìyá rẹ̀ ṣe ń kà á. Sátidé, Sọ́ńdè, Mọ́ńdè, Túsìdè, Wẹsidé. Ọrún.

Ìdí obì ni Mojíre wà ní ọjà Abà Fàòsíyà láàárọ̀ Wẹsidé nígbà tí Ìyá Ìmísí pè. Oyèlárán ti jí, ó ti wẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n gbé ẹ̀kọ wá. Kí ẹ̀kọ tó dé, ó ti lọ. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Nígbà tí èrò dín kù nílé ọ̀fọ̀, Mojíre sún mọ́ Ìyá Ìmísí. "Ní Sátidé," ló wí, "ṣé Bọ̀dá mi sọ nǹkan kan nípa mi?"

"Nípa rẹ? Wọ́n ní o ní àlejò ni. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ má nu ìbéèrè ẹ kúrò, pé o ṣì ń bọ̀." Ìyá Ìmísí nu ojú rẹ̀. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí," ni Mojíre wí.

Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí Oyèlárán bá a fọ aṣọ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Màmá Adébíyìí àti méjì nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá kí i nílé rẹ̀. Wọ́n ṣe dáadáa. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n dì í mú. Wọ́n ti rí Oyèlárán nínú agbádá níbi ìgbéyàwó Fọláyọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe nígbà náà, Mojíre náà kò sì sọ. Bí wọ́n ṣe ń dìde, Màmá Adébíyìí wo ẹnu ọ̀nà. "Ilẹ̀kùn yín ńkọ́? Ṣé káfíńtà yẹn padà wá?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kún ẹnu Mojíre. Gbólóhùn kan péré ni ì bá jẹ́.

"Kò wá mọ́, mà."

"Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ni Màmá Adébíyìí wí, Mojíre sì mi orí.

Ó ṣì ń gbé obì lọ sí Sábó. Lọ́jọ́ kan ó bá Sùmáyà lẹ́nu ọgbà, tó fara ti òpó tó kẹ́yìn, ìkọkànlá, èyí tí Oyèlárán padà wá rì. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i. Ó wo ilẹ̀ pẹ́, ó wá la ẹnu fúnra rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Méjìdínlọ́gbọ̀n ni àbí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n? Bàbá káfíńtà ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Mo rò pé méjèèjì ni, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́."

Ọwọ́ Mojíre ti gbéra. Ìka rẹ̀ ti fẹ́ ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó rántí "ẹ má bínú, mà," ó sì fi ọwọ́ náà gbé agbọ̀n rẹ̀.

"Mo ń kánjú, ọmọ mi," ló wí.

Àwọn ọmọ mélòó kan ṣì máa ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà ní Sátidé. Ìyá Ìmísí ò nu pátákó. Bí Mojíre bá ní iṣẹ́ ní Ìlódè, òdìkejì títì ló ń gbà. Ṣọ́ọ̀kì kan wà nínú báàgì rẹ̀ tó mú láti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ ìsìnkú.

Ọjà Abà Fàòsíyà ti bọ́ sí Sátidé lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ìgbà náà. Lábẹ́ orúkọ rẹ̀ lára pátákó, kò tíì sí nǹkan kan.